Ọ̀mì Láàárín Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2004, ní ìlú Reykjavik tí í ṣe olú-ìlú Iceland, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan dìde nídìí tábìlì ṣẹ́ẹ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri gbọ̀ngàn. Ó yọjú sí tábìlì yìí, ó yọjú sí tọ̀hún, ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn yòókù ń ta. Ẹni tó fi sílẹ̀ nídìí eré tiwọn kò ráyè ìrìn kiri. Ọwọ́ wà lórí, ojú wà lórí pátákó, ó ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Garry Kasparov ni ẹni náà. Ó gba adé ayé ní 1985, kò sì bọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí di 2000. Vladimir Kramnik ti gba adé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní London lóòótọ́, àmọ́ ní 2004, kò tíì sí ẹ̀dá alààyè kan tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ nínú ìwé àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE. Òṣùwọ̀n 2831 ló ní. Ọmọ tó ń rìn kiri yẹn, Magnus Carlsen láti Norway, ní 2484. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 347, èyí tó pọ̀ tó pé bí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì léèrè, á ti dáhùn kí wọ́n tó tẹ aago.

Wọ́n ta á dé ìgbésẹ̀ 52. Ó já sí ọ̀mì.

Kí ṣẹ́ẹ̀sì tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni èdè wa ti ní orúkọ fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dán, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Bí ọmọ ayò 48 bá pín sí 24 sí 24, ọ̀mì ni. Àwọn òǹwòran kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ọ̀mì. Tó bá wá jẹ́ ọ̀mì láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ, àlàyé kì í wọ́n wọn lẹ́nu: ọ̀ta ṣàánú ọmọ ni, tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí orí ló gbe ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọ á ti ibi ìdíje dé, wọ́n á ní ṣé ó jẹ ni, á ní ọ̀mì ni òun ta, gbogbo ilé á sì dákẹ́ bí ẹni pé kò mú nǹkan kan bọ̀.

Àìdáa ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ìdajì máàkì tí ẹni kékeré gbà lọ́wọ́ ẹni ńlá kì í sábà jẹ́ ọrẹ. Ó ní ibi tó ti ń wá, ó ní bí wọ́n ṣe ń wá a, ìṣirò tó rọ̀ mọ́ ọn sì yé àwọn onímọ̀ dáadáa.

Orí ìṣirò yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta àti ẹni tó jẹ́ ọ̀pẹ láyé òde òní. Arpad Elo ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Hungary ní 1903, àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Marquette ní ìlú Milwaukee. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀pẹ rárá: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló gba ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 1960, FIDE tẹ̀ lé wọn ní 1970. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pe òṣùwọ̀n náà títí dòní.

Ohun tí Elo rí ni pé agbára èèyàn kò dúró lójú kan. Ẹni tó ta dáadáa lánàá lè ṣubú lónìí, torí ó sùn pẹ́, torí ó kánjú, torí ohun tó jẹ. Àmọ́ bí eré bá ti pọ̀, ìpíndọ́gba á fara hàn. Òṣùwọ̀n náà kò sì sọ pé ẹni báyìí yóò jẹ ẹni báyìí. Ó ń sọ iye máàkì tó yẹ kéèyàn retí bí wọ́n bá ta á lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá jẹ gba 1, ẹni tó pàdánù gba òdo, ọ̀mì jẹ́ ìdajì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òṣùwọ̀n ẹni méjì bá dọ́gba, ìdajì-ìdajì ni ìrètí wọn. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju èkejì lọ, ó yẹ kó kó nǹkan bí 76 nínú 100 máàkì. Bó bá jẹ́ 400, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 91.

Fún 347 tó wà láàárín Kasparov àti Carlsen, ìṣirò fún Kasparov ní nǹkan bí 88 nínú 100, ó fún ọmọ náà ní 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí 12 yìí máa ń ṣì í kà. Wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí pé Carlsen á jẹ ẹ̀ẹ̀mejìlá, á pàdánù ìyókù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé kò jẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kó ta ọ̀mì nínú 24, kó pàdánù 76. Ìdajì lọ́nà 24, ṣé kì í ṣe 12 náà ni? Òṣùwọ̀n Elo kò pín ìrètí sí ìborí àti ọ̀mì, ó kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú igbá kan. Nítorí náà, ọmọ tó bá ta ọ̀mì pẹ̀lú ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan nínú eré mẹ́rin kò tíì ṣe ohun tó ta ko ìṣirò. Ohun tí ìṣirò ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Elo mọ ibi tí agbára ohun tó ṣe mọ. Ó fi ìwọ̀n agbára òṣèré wé kéèyàn máa fi ọ̀pá tí wọ́n so mọ́ okùn, tí atẹ́gùn ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọn ibi tí èèpo igi kan wà lójú omi tó ń ru. Àwọn tó ń fi nọ́ńbà dẹ́rù ba ara wọn kí wọ́n tó jókòó ti pátákó ì bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó kù kí a mọ ìdí tí ọ̀mì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, àní nígbà tí agbára kò dọ́gba. Nínú bọ́ọ̀lù, góòlù kan ti tó láti jẹ. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, kéèyàn ju ọ̀tá lọ kò tó. Ó ní láti jù ú lọ dé ìwọ̀n tó fi lè há ọba rẹ̀ mọ́. Bí àǹfààní kò bá tó bẹ́ẹ̀, òfin eré á kà á sí asán. Ẹni tó ní ọba àti ẹṣin méjì, tí ọ̀tá rẹ̀ ní ọba nìkan, kò lè fipá há ọba yẹn mọ́ bí ọ̀tá bá mọ ohun tó ń ṣe. Ẹṣin méjì gbáko ni o, síbẹ̀ ọ̀mì ni. Láàárín “mo jù ọ́ lọ” àti “mo ti jẹ ọ́”, ilẹ̀ gbalasa kan wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pẹ lè fara pamọ́ sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nítòsí. Gbogbo nǹkan ti tán lórí pátákó, ó ku ọba méjì àti ọmọ ogun funfun kan. Bí ọmọ ogun yẹn bá dé ìlà kẹjọ, á di ayaba, eré sì ti parí nìyẹn. Ọba funfun wà ní e5, ọmọ ogun rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ ní e6, ọba dúdú dúró ní e7 tó di ọ̀nà mọ́ ọn, ó sì kan dúdú láti ta. Ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Ilé mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀: d8, e8, f8. Lójú ẹni tí kò kọ́ ọ, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ bó bá lọ sí d8 tàbí f8, ọba funfun á kọjú sí i, ọmọ ogun á kọjá, ó ti tán. Bó bá padà tààrà sí e8, eré kò sọnù. Ọba funfun á wá sí d6, dúdú á lọ sí d8 kó lè kojú rẹ̀. Ọmọ ogun á wọ e7, á fi ọba sínú ṣẹ́kì, ìyẹn ni pé á halẹ̀ mọ́ ọn tààrà, dúdú á padà sí e8. Ní báyìí, bí funfun kò bá fẹ́ kí ọmọ ogun rẹ̀ kú, ibì kan ṣoṣo ló lè gbé ọba rẹ̀ sí, òun náà ni e6. Bó bá sì ti gbé e síbẹ̀, ọba dúdú kò sí nínú ṣẹ́kì, kò sì ní ilé kankan tó lè tẹ̀ sí. Òfin ní ọ̀mì ni.

Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ló gba ìdajì máàkì là. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó bá sì ti mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀ta láyé tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ Kasparov, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ibí ni ẹwà ọ̀rọ̀ náà wà. Kò pọn dandan kí ọ̀pẹ mọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀sì kó tó lè ta ọ̀mì. Ó ní láti mọ ìgbésẹ̀ tó kàn níbi tó wà yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ibi ìsádi mìíràn wà. Bí ipò kan náà bá padà wáyé lórí pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, òṣèré lè bèèrè fún ọ̀mì. Bí ìgbésẹ̀ 50 bá kọjá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láìsí pé wọ́n pa nǹkan tàbí kí ọmọ ogun sún, ó lè bèèrè. Bó bá tiẹ̀ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ìgbésẹ̀ 75, ó ti kúrò lọ́wọ́ òṣèré, adájọ́ fúnra rẹ̀ á dá eré dúró. Bákan náà ni ẹni tí ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó tán lè máa fi ayaba rẹ̀ ṣẹ́kì ọba ọ̀tá láìdáwọ́dúró, kí ọ̀tá má ráyè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ìsádi tó wà ní Reykjavik lọ́jọ́ yẹn, bíṣọ́ọ̀bù ni. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé 64, 32 funfun, 32 dúdú. Bíṣọ́ọ̀bù a máa rìn láti igun sí igun, nítorí náà èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí funfun kò ní fẹsẹ̀ kan dúdú títí eré á fi parí. Bó bá ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún òṣèré méjèèjì, tí ti ẹnì kan ń rin ilé funfun, tí ti èkejì ń rin ilé dúdú, wọn kò ní pàdé láé. Ẹni tó bá fẹ́ dènà kàn máa kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sórí àwọ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù ọ̀tá kò lè dé.

Carlsen ló di funfun mú. Ní ìgbésẹ̀ 18, ó fi bíṣọ́ọ̀bù kan pa ẹṣin Kasparov, Kasparov náà fi ẹṣin kejì pa bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọdé á ti dúró ṣírò ohun tó sọnù, ẹṣin ni Carlsen fi fò sáàárín pátákó, sí e4. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, Kasparov ló ń sá. Ní ìgbésẹ̀ 27, ọmọ náà ti fi ọmọ ogun kan jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká fi sọ́kàn pé eré kíákíá ni, aago ń sáré, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń jagun lórí pátákó yìí kí wọ́n tó bí èkejì.

Ní ìgbésẹ̀ 32, Carlsen gbé ayaba rẹ̀ lọ síwájú ayaba Kasparov, wọ́n sì pa méjèèjì. Orí ìgbésẹ̀ yìí ló yẹ kí ojú èèyàn dúró sí pẹ́. Bí ayaba bá ṣì wà, bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a máa gbè sẹ́yìn ẹni tó ń kọlù, nítorí ẹni tó ń dènà kò lè fi tirẹ̀ dí ojú ibi tí ti ọ̀tá ń wò. Bí ayaba bá lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà, ẹni tó ń dènà á rí ibi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó wà lókè fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn tí ọ̀gá gbà jáde. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ó rò pé ọmọ ogun kan tó ti jẹ á tó. Wọ́n tún fi ogún ìgbésẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, Carlsen ní ọmọ ogun mẹ́ta, Kasparov ní méjì, rúùkù kọ̀ọ̀kan, bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí dúdú, ọ̀kan lórí funfun.

Ẹ wá sọ pé ta ló fi ọ̀mì yẹn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Àwọn tó bá ka òṣùwọ̀n nìkan á ní ọ̀pẹ ni. Pátákó ní ọ̀ta ni. Kasparov ló ń sá, òun ló mọ ọ̀nà ibi ìsádi, ó sì débẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ọgbọ́n ọ̀ta. Nínú eré kejì lọ́jọ́ náà, ó padà wá, ó sì jẹ ọmọ náà láàárín ìgbésẹ̀ 32, ó lé e kúrò nínú ìdíje. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Carlsen gba oyè Grandmaster.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀pẹ àti ọ̀ta ṣe máa ń pàdé? Nínú ìdíje tí gbogbo ayé ń wọ̀, ètò tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní ìlú Zürich ní 1895 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n á to orúkọ láti òkè délẹ̀. Bí àwọn 100 bá wọlé, ẹni kìíní á kọ́kọ́ pàdé ẹni 51, ẹni kejì á pàdé ẹni 52. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá jẹ á máa pàdé ẹni tó jẹ. Ìdí nìyí tí ìpele kìíní fi jẹ́ ọjọ́ àlàfo ńlá, tí ìròyìn tó ya èèyàn lẹ́nu sì máa ń ti ibẹ̀ jáde.

Ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá pàdánù á dìde lọ sílé. Ní 2017, òṣèré 128 ló péjọ sí Tbilisi, olú-ìlú Georgia. Ẹni tí wọ́n fi ko Magnus Carlsen lójú ní ìpele kìíní ni Oluwafemi Balogun, ọmọ Nàìjíríà. Carlsen ti di ọba ayé nígbà náà, òṣùwọ̀n rẹ̀ lé ní 2800. Ti Balogun jẹ́ 2255. Ìṣirò Elo kò fún Balogun ní máàkì mẹ́rin nínú 100. Carlsen jẹ eré méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn ará ilé tó ń wò ó mọ ohun tí wọ́n ń wá, kì í sì í ṣe ìborí. Ìdajì ni wọ́n ń retí. Ká ní ó bọ́ sí i, ọ̀mì kan yẹn ì bá di ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé nídìí ṣẹ́ẹ̀sì jákèjádò Nàìjíríà.

Ìdajì yẹn a máa sanwó fún ẹni kékeré nínú ìwé òṣùwọ̀n pàápàá. Ká ní ẹni tó ní 2000 ta ọ̀mì pẹ̀lú ẹni tó ní 2400. Ohun tí wọ́n retí lọ́wọ́ ẹni kékeré kò tó ìdámẹ́wàá máàkì, ìdajì ló sì mú wá. FIDE á mú ohun tó fi lé sí ìrètí yẹn, á sọ ọ́ di ìlọ́po 20. Òṣùwọ̀n rẹ̀ á fi ohun tó lé ní 8 gòkè. Ẹni ńlá tó ti kan 2400 rí, ìlọ́po 10 ni tirẹ̀, nítorí náà á fi ohun tó lé ní 4 wálẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì tíì tó 2300, ìlọ́po 40 ni. Wọ́n mọ̀ pé ọmọdé ń dàgbà ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ.

Bí nọ́ńbà ṣe ń sá tẹ̀ lé ọmọ láìbá a, ìtàn Tanitoluwa Adewumi fi hàn. Ìdílé rẹ̀ fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2017 nítorí ẹ̀rù Boko Haram, wọ́n sì ń gbé ní ilé àwọn aláìnílé ní New York. Ó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nílé ìwé. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ìdíje, 105 ni òṣùwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó kéré tó o níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2019, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti kọjá 1500, ó sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York: eré mẹ́fà, ó jẹ márùn-ún, ó ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá fi òṣùwọ̀n oṣù tó kọjá wọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló ń wọ̀n. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni 2484 ọmọ Norway yẹn náà ti pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní Reykjavik.

Ìṣirò àti òfin nìkan kọ́. Ọkàn èèyàn náà wà níbẹ̀, ó sì wúwo. Ọ̀mì dára fún ẹni kékeré, ó dun ẹni ńlá. Ẹni kékeré lè máa dáàbò bo ara rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ẹni ńlá ló gbọ́dọ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ó lè yẹra fún ọ̀nà tó tẹ́jú, kó wọ inú igbó, nítorí ó gbàgbọ́ pé nínú igbó, ọ̀pẹ ni yóò kọ́kọ́ ṣìnà. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣìnà.

Fífi ọ̀mì lọni pàápàá ní ìlànà tirẹ̀. Òṣèré á kọ́kọ́ ta ìgbésẹ̀ rẹ̀, á sọ pé òun fi ọ̀mì lọ̀ ọ́, á wá tẹ aago. Àwọn méjèèjì á fi àmì ìdọ́gba sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Kò lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́, ọwọ́ ẹni kejì ló kù sí. Ọmọ tó bá yára fi ọ̀mì lọ ọ̀gá ní ìgbésẹ̀ 12 ti tú àṣírí ara rẹ̀, ó ti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọ̀gá á mi orí, á sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú okun tuntun. Èyí tó dákẹ́, tó ń ta ìgbésẹ̀ rere lẹ́yìn ìgbésẹ̀ rere, tó jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé ojú sókè wá béèrè, òun ló gba ìdajì tó níyì jù.

Àwọn tó ń kọ ètò ṣẹ́ẹ̀sì sínú kọ̀ǹpútà bá ìṣòro kan náà pàdé. Ètò tó lágbára a máa gba ọ̀mì lọ́wọ́ ètò aláìlágbára, torí ó gbà pé ọ̀tá rí gbogbo ohun tí òun rí. Wọ́n wá fi ìlànà kan sínú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé ọ̀tá rẹ̀ kéré sí i, kó má yára gba ọ̀mì. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlànà yẹn ni ẹ̀gàn. Stockfish, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó lágbára jùlọ, lò ó fún ọdún mélòó kan.

Síbẹ̀, ẹ̀gàn kò pa ọ̀mì rẹ́. Ní 2017, AlphaZero, ètò tí ilé iṣẹ́ DeepMind ṣe, ta eré 100 pẹ̀lú Stockfish. AlphaZero jẹ 28, kò pàdánù ẹyọ kan. Ìyókù, 72, ọ̀mì ni. Èyí tó ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ débi tí kò fi pàdánù rárá, kò tíì lè yọ ọ́ kúrò nínú ìsádi níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Carlsen fúnra rẹ̀ ta eré gígùn 125 láti 2018 títí di oṣù Kẹwàá 2020 láìpàdánù. Òun ló wà lókè ìwé òṣùwọ̀n ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí náà kò sí ẹni tó bá ta tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò kéré sí tirẹ̀. Ó jẹ 42. Ó ta ọ̀mì 83.

Ẹni kankan kò tíì mọ ibi tí ṣẹ́ẹ̀sì yóò já sí bí ẹni méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan. Àmọ́ wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún àwọn eré tó súnmọ́ wa ju ṣẹ́ẹ̀sì lọ. Ní 2007, Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, Kánádà, fi kọ̀ǹpútà ṣàlàyé dráfù oní-ilé 64 délẹ̀: bí kò bá sí àṣìṣe, ọ̀mì ni. Ṣáájú wọn, ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije, Amsterdam, ti yẹ awari wò. Ẹbí ayò ni awari, ihò méjìlá, ọmọ 48, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti jáde. Ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889 ni kọ̀ǹpútà wọn kà. Ìdáhùn tó mú wá ni 24 sí 24.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, Carlsen jókòó ta eré kan tí ọ̀tá rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan. Gbogbo ayé ló kọjú sí i lórí ìkànnì Chess.com, àwọn tó lé ní 143,000, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ọ̀pẹ, tí wọ́n ń dìbò lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kasparov ti ta irú rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú àwọn tó lé ní 50,000, ó sì jẹ wọ́n ní ìgbésẹ̀ 62. Ti Carlsen gùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìgbésẹ̀ 32, ọba rẹ̀ wà ní igun pátákó, àwọn ọ̀pẹ ayé ti rí ọ̀nà láti ṣẹ́kì rẹ̀, kó sún, kí wọ́n tún ṣẹ́kì rẹ̀, kó padà síbi tó ti wá. Wọ́n lè wá ìborí lọ, wọ́n sì lè dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n dìbò. Ipò kan náà wáyé lórí pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì kọ ìdajì sílẹ̀ fún un, wọ́n kọ ìdajì sílẹ̀ fún ara wọn.